Eku Tí Kò Bẹ̀rù Ààrin Pápá

Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ rí Alden Crowley, ó tẹ̀ba sórí àpótí funfun kan tó fẹ̀ bíi tábìlì oúnjẹ, ó ń wo eku. Mo dúró sẹ́yìn rẹ̀ pẹ̀lú garawa lọ́wọ́, mo ń retí kí ó gbójú sókè. Kò gbé e.

"Ẹ jọ̀ọ́, ọ̀gá," mo ní, "ṣé wọ́n ń sanwó fún yín láti máa wo eku ni?"

Kò wẹ̀yìn. Ìka kan ló nà sókè pé kí n dákẹ́. Nígbà tí aago ọwọ́ rẹ̀ dún, ó yíjú sí mi, ojú rẹ̀ pupa bíi ti ẹni tí wọ́n ká mọ́ ìdí ìkòkò ọbẹ̀.

"Wọ́n ń san án," ó ní. "Kàn jẹ́ pé kò pọ̀ tó bí ẹ ṣe rò."

Ẹ̀rín pa mí, ó pa òun náà. Ẹni ọdún mẹ́tàdínlọ́gọ́ta ni mí, òun sì jẹ́ ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́ta. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó ń ka èyí, ẹ má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ọkàn kì í bèèrè ọjọ́ orí kí ó tó fò sókè.

Verlie Beal ni orúkọ mi. Etíkun Maine ni wọ́n bí mi sí, ibẹ̀ náà ni mo wà títí dòní. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlá ni mo fi ilé ìwé sílẹ̀ tí mo wọ ilé iṣẹ́ sadíìnì, tí mo ń fi sísọ́ọ̀sì gé orí ẹja, tí mo ń tò wọ́n sínú agolo. Òkun gbé Royce ọkọ mi lọ tòun ti ọkọ̀ tó fi ń pa ọ̀kàṣà, nígbà tí Lorna ọmọ wa wà lọ́mọ ọdún mẹ́wàá. Orin ni mo fi tọ́ ọmọ yẹn, orin ni mo fi gé ẹja. Nígbà tí ilé iṣẹ́ sadíìnì kógbá sílé, ilé ìwádìí eku tó wà lórí òkè ń wá ẹni tí yóò máa pààrọ̀ àpótí fún àwọn eku wọn. Mo lọ. Wọ́n fún mi ní aṣọ iṣẹ́, ìbọ̀wọ́, àti ìwé ìlànà kan tó nípọn bíi Bíbélì.

"Ṣé ẹ ti kà á?" Alden bi mí lọ́jọ́ kejì.

"Mo ti kà á."

Irọ́ ni. Mo mọ̀wé kà, àmọ́ bí ẹni ń gun òkè lórí yìnyín ni: ẹsẹ̀ kan síwájú, méjì sẹ́yìn. Ojú tì mí láti sọ bẹ́ẹ̀ fún ọkùnrin tí irun funfun yẹ tó báyẹn. Mo gbé ìwé náà sábẹ́ fìtílà nílé, ó sì wà níbẹ̀ bí ìtẹ́lẹ̀ fìtílà.

Nígbà ìsinmi, Alden máa ń bu kọfí fún mi, á sì ṣàlàyé iṣẹ́ wọn bí ẹni ń sọ ìtàn fún ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

"Kí tiẹ̀ ni ẹ ń wá lára wọn gan-an?" mo bi í.

"Ẹ mọ ohun tí òbí fi ń bí ọmọ tó jọ ọ́? Jíìnì là ń pè é. Eku ní bí ọ̀kẹ́ kan, èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ni àwa náà ní. À ń yọ ẹyọ kan ṣoṣo, a ó wá wo ohun tó yí padà lára eku náà. Ojú rẹ̀, etí rẹ̀, egungun rẹ̀, ọ̀rá rẹ̀, ìbẹ̀rù rẹ̀."

"Ọ̀kẹ́ kan, lọ́kọ̀ọ̀kan? Ta ni yóò ṣe é tán?"

"Kì í ṣe àwa nìkan. Wọ́n ń ṣe é ní Japan, ní Jámánì, ní Kánádà. Ohun tí kálukú bá rí, orí íńtánẹ́ẹ̀tì là ń gbé e sí lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹni tó bá wù, kó wá bù ú."

"Bíi kànga ìlú."

"Bíi kànga ìlú," ó ní, ó sì wò mí bí ẹni tí mo fún lẹ́bùn. "Nítorí náà, ẹnì kan ò gbọdọ̀ tutọ́ sí i."

Àpótí funfun yẹn ni wọ́n ń pè ní Pápá. Eku kan á lo ìṣẹ́jú mẹ́wàá nínú rẹ̀, kámẹ́rà á máa wò ó látòkè. Èyí tó bá ń bẹ̀rù á máa rìn mọ́ ẹ̀gbẹ́ ògiri. Èyí tí kò bẹ̀rù á sọdá ààrin.

"Bíi àwọn ọmọge níbi ijó," mo ní.

"Ẹ̀gbẹ́ ògiri lèmi máa ń wà níbi ijó."

"Mo ti rí i lójú yín."

Torí pé mo jẹ́ ẹni tuntun, ìlà àpótí kan ṣoṣo ni wọ́n fi sọ́wọ́ mi, ìlà àwọn eku tí nọ́ńbà wọn ń jẹ́ irínwó ó lé méjìdínlógún. Curtis, tó ti pẹ́ níbẹ̀, ló ń tọ́jú gbogbo èyí tó kù, títí kan àwọn eku tí wọn kò yọ nǹkan kan lára wọn, tí wọ́n fi ń ṣe òṣùwọ̀n. Ẹ̀mú kan wà tí wọ́n ní ká fi máa mú eku ní ìrù. Ìka mi tí sísọ́ọ̀sì ti jẹ fún ogójì ọdún kò gbọ́ ti ẹ̀mú yẹn. Eku àkọ́kọ́ ké bí ọmọ tuntun. Mo sọ ẹ̀mú sílẹ̀, mo pa àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì pọ̀ bí ẹni ń bomi mu, eku náà wọ inú rẹ̀, mo sì gbé e lọ sínú àpótí mímọ́. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe ṣe é láti ọjọ́ náà. Mo sì ń kọrin sí wọn létí:

*Rọra, rọra, onírù tẹ́ẹ́rẹ́,*
*ọwọ́ mi kì í ṣe ológbò.*
*Wọlé kó o jókòó, ilé rẹ ti mọ́,*
*koríko tuntun ń ta sánsán bí ọjọ́ ìsinmi.*

Bí mo bá parí, mo máa ń buwọ́ lu ìwé kan lára ògiri. Mo rò pé ohun tí ìwé náà ń sọ ni pé mo wá síbi iṣẹ́.

Oṣù mẹ́fà lẹ́yìn náà ni Alden wá mi wá sí yàrá àpótí, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ máa sáré.

"Àwọn eku yín," ó ní. "Àwọn irínwó ó lé méjìdínlógún. Wọ́n ń gba ààrin Pápá kọjá bí ẹni ń lọ sọ́jà. Mo ti wo ogójì nínú wọn. Mi ò rí irú ẹ̀ rí."

"Ṣé ó dáa ni?"

"Ó dáa kọjá dídáa. Ó ní láti jẹ́ pé jíìnì tí a yọ yẹn ló ni ìbẹ̀rù."

Dókítà Renske, ọ̀gá wa, ará Netherlands tí kì í rẹ́rìn-ín lásán, gbé kéèkì wá. Wọ́n gbé gbogbo rẹ̀ sórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Kò pé oṣù kan tí lẹ́tà fi dé láti Santiago ní Chile, láti ọ̀dọ̀ dókítà kan tó ń jẹ́ Ximena, tó ń tọ́jú àwọn ọmọ tí ẹ̀rù kì í jẹ́ kí wọ́n jáde. Ó ní ọmọ ọdún mẹ́sàn-án kan wà lọ́dọ̀ òun tí kò tíì kọjá ẹnu ilẹ̀kùn wọn láti ọdún tó kọjá. Ó ní òun yóò sin irú eku náà lọ́dọ̀ wọn, òun yóò fi wá oògùn. Alden ka lẹ́tà náà fún mi.

Ọjọ́ yẹn ló gbé mi délé nínú ọkọ̀ rẹ̀. Mo se ọbẹ̀ ẹja oníwàrà fún un. Ó jẹ àwo mẹ́ta. Bó ṣe ń wọ bàtà láti máa lọ, ó ní, "Verlie, ọbẹ̀ rẹ dùn." Àwa méjèèjì gbọ́ pé kò sọ pé "ọbẹ̀ yín."

"Wá jẹ òmíràn lọ́jọ́ Sátidé," ni mo fi dá a lóhùn. Èmi náà kò sọ pé "ẹ wá."

Lorna kò fẹ́ràn rẹ̀. "Màámi, kí lẹ fẹ́ máa bá onímọ̀ sáyẹ́ǹsì sọ? Tó bá ti sú u, á lọ fẹ́ ẹni tó jọ ọ́."

"Ọdún mọ́kànlélọ́gọ́ta ló ti fi wá a, kò rí i."

Madge, ẹ̀gbọ́n Alden obìnrin, tí wọ́n jọ ń gbé, tún burú jù ú lọ. Ó sọ fún un níwájú mi pé, "Alden, obìnrin yìí ṣì ń rùn sadíìnì." Alden ní, "Mo fẹ́ràn sadíìnì." Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ kú nítorí ìfẹ́.

Oṣù kẹwàá ni ayọ̀ mi yẹ̀. Curtis ń kọ́ ọmọbìnrin tuntun kan níṣẹ́ nítòsí mi.

"Ẹ̀mú ni, ìrù ni," ó ń sọ. "Má fọwọ́ kó wọn. Eku tí èèyàn bá ń gbé sínú àtẹ́lẹwọ́, ẹ̀rù rẹ̀ á dínkù, àwọn ará Pápá á wá rò pé jíìnì ló ṣe é. Má sì pariwo. Gbogbo rẹ̀ ló wà nínú ìwé. Òun náà lò ń buwọ́ lù lára ògiri lójoojúmọ́, pé bẹ́ẹ̀ lo ṣe gbé wọn."

Ara mi tutù bí òkúta inú òkun. Eku wà ní àtẹ́lẹwọ́ mi lákòókò náà gan-an. Mo rọra sọ ọ́ kalẹ̀. Orin kú mọ́ mi lẹ́nu.

Ẹ ó rò pé mo sọ ọ́ lọ́jọ́ náà. Mi ò sọ ọ́. Lálaalẹ́ ni mo ń sọ fún ara mi pé lọ́la ni. Àmọ́ wọ́n ti pe Alden kí ó wá sọ̀rọ̀ ní Boston. Ó ra bàtà tuntun. Nínú oṣù Kejìlá, nínú ọkọ̀ rẹ̀ lẹ́bàá èbúté, ó ní, "Verlie, olólùfẹ́ mi, mo ti pẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Ṣé wàá fẹ́ mi?" Mo sì ní bẹ́ẹ̀ ni. Mo fi ẹnu tó ń pa irọ́ mọ́ sọ bẹ́ẹ̀ ni. Bí ó ṣe dì mọ́ mi, mo ń wo ejìká rẹ̀, mo ń rò ó pé, bí ọkùnrin yìí bá mọ ẹni tó dì mọ́.

Oṣù kẹta, Ximena tún kọ̀wé. Àwọn eku tirẹ̀ ń bẹ̀rù. Jíìnì kan náà ni, ẹ̀gbẹ́ ògiri ni wọ́n ń gbà. Ó bẹ Alden kó bá òun wo ibi tí òun ti ṣe àṣìṣe.

Ó rò pé òun ló ṣe àṣìṣe. Ẹ gbọ́ mi, ìyẹn ló pa mí.

Alden kò jẹun mọ́. Ó wọn iná yàrá, ó wo aago, ó tún àwòrán kámẹ́rà wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó jókòó sí ilé ìdáná mi, ó ń fọwọ́ ra iwájú orí.

"Nǹkan kan wà tí mi ò rí," ó ní. "Ojú mi ti ń ṣú. Ó yẹ kí wọ́n ti fún mi ní ìsinmi lẹ́nu iṣẹ́."

"Ojú rẹ ò ṣú," mo ní. "Èmi ni."

"Ìwọ ni kí ni?"

Mo sọ gbogbo rẹ̀: àtẹ́lẹwọ́, orin, ìwé tí mi ò kà, ìwé tí mo ń buwọ́ lù. Tábìlì ni mò ń bá sọ̀rọ̀. Nígbà tí mo parí, ó gbé ọwọ́ kúrò níwájú orí.

"Láti ìgbà wo lo ti mọ̀?"

"Láti oṣù kẹwàá."

"Oṣù kẹwàá." Ó ṣírò rẹ̀, mo rí i tó ń ṣírò rẹ̀. "Nígbà tí mo ní kó o fẹ́ mi, o ti mọ̀."

"Mo ti mọ̀."

Ó mú fìlà rẹ̀. Ó jáde, kò sì fi agbára ti ilẹ̀kùn. Ì bá dùn mọ́ mi ká ní ó fi agbára tì í.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Dókítà Renske gbé ìwé ara ògiri yẹn kalẹ̀ níwájú mi, orúkọ mi wà lórí rẹ̀ ní ọgọ́ọ̀rọ̀ ìgbà.

"Ẹ buwọ́ lù ú lójoojúmọ́ pé ẹ̀mú lẹ lò."

"Mo buwọ́ lù ú, mà."

"Ṣé ẹ kà á?"

Curtis wà níbẹ̀. Alden wà níbẹ̀. Kódà ọmọ-ọmọ mi, ọmọ Lorna, máa ń kàwé fún ajá rẹ̀. "Rárá, mà," mo ní. "Ìwé kíkà nira fún mi."

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Ká ní wọ́n rẹ́rìn-ín ni, ì bá sàn.

"Ṣé ẹnì kankan mọ̀?" Dókítà Renske yíjú sí Alden. "Ṣé ìwọ mọ̀?"

Alden ń wo bàtà tuntun rẹ̀. "Kò sẹ́ni tó mọ̀," ó ní.

Wọ́n tún ìdánwò náà ṣe, ọgọ́rin eku, ẹ̀mú lára ìrù gbogbo wọn. Gbogbo wọn gba ẹ̀gbẹ́ ògiri. Wọ́n gbé mi kúrò lọ sí yàrá tí wọ́n ti ń fọ àpótí, níbi tí mi ò ti ní fọwọ́ kan ohun abẹ̀mí. Wọ́n sì kọ ọ̀rọ̀ sára iṣẹ́ náà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Lorna kà á fún mi láti inú fóònù rẹ̀: "Olùtọ́jú kan kò tẹ̀lé ìlànà gbígbé eku. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe gbára lé àbájáde yìí."

"Màámi," ó ní, "gbogbo ayé ló lè ka èyí."

"Torí ẹ̀ náà ni wọ́n ṣe gbé e síbẹ̀."

Ó fọwọ́ gbá mi mọ́ra. Kò sọ pé òun ti sọ fún mi. Ọmọ dáadáa ni.

Madge pàdé mi ní ilé ìfìwéránṣẹ́. "Ìyá Lorna, mo gbọ́ pé ẹ kọrin," ó ní. "Ọdún méjìlélógún ni àbúrò mi fi kọ́ orúkọ rere. Ẹ fi orin ológbò wó o lọ́jọ́ kan." Mo ra sítáǹbù tí mi ò nílò. Mo sá jáde.

Oṣù méjì kọjá. Mi ò kọrin nílé, mi ò kọrin ní ṣọ́ọ̀ṣì. Bí mo bá rí ọkọ̀ Alden lọ́nà, mo máa ń yà sọ́tùn-ún, bí kò tilẹ̀ sí ọ̀nà lọ́tùn-ún.

Ẹ̀rọ ìfọ̀ tó wà ní yàrá wa tóbi bí ilé ọkọ̀, ariwo rẹ̀ ju ti ìjì lọ. Ní ọjọ́bọ̀ kan, mo ń kó àpótí sí i, mo bá rí Alden lẹ́nu ọ̀nà, ooru ti bo dígí ojú rẹ̀. Ó ń la ẹnu. Mi ò gbọ́ nǹkan kan.

"Kí lo wí?"

Ó tún là á.

"Mi ò gbọ́!"

Ó kó atẹ́gùn sínú, ó fi gbogbo agbára pariwo. Ibẹ̀ gan-an ni ẹ̀rọ náà parí fífọ̀ tó sì dákẹ́, tí gbogbo yàrá, àwọn obìnrin mẹ́rin àti Curtis, gbọ́ ọ̀gbẹ́ni tó ní irun funfun yìí tó ń ké pé:

"Mo máa ń dúró lẹ́yìn ilẹ̀kùn ní gbogbo ọjọ́ Ìṣẹ́gun láti gbọ́ orin rẹ!"

Ó rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀, àmọ́ ó ti pẹ́ jù.

"Mo gbọ́ ọ, Verlie. Láti oṣù àkọ́kọ́. Mo mọ̀ pé kò yẹ kí ẹnikẹ́ni kọrin níbẹ̀, èmi ni mo kọ apá kan ìwé ìlànà yẹn. Mo yọjú lójú dígí ilẹ̀kùn lẹ́ẹ̀kan, mo rí eku lọ́wọ́ rẹ. Mo yí padà, mo lọ. Mo ní màá sọ fún ọ lọ́la. Ó dùn mọ́ mi létí, mi ò fẹ́ kó tán. Nígbà tí àwọn eku wá sọdá Pápá, mi ò jẹ́ kí ara mi rántí."

"O ní kò sẹ́ni tó mọ̀."

"Mo parọ́. Mo jẹ́ kí o dá nìkan dúró níwájú wọn, ìwọ tó o ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ òtítọ́ tó le jù. Oṣù méjì ni mo fi ń bínú sí ọ, kí n má baà wo ara mi. Ojú ń tì mí, Verlie. Mi ò lè fá irùngbọ̀n láìṣíjú kúrò nínú dígí."

Mo jókòó sórí àpótí kan tí mo dojú rẹ̀ dé.

"Lọ sọ fún Renske," mo ní.

"Mo ń bọ̀ láti ọ̀dọ̀ rẹ̀." Ó yọ ìwé kan. "A tún ọ̀rọ̀ orí íńtánẹ́ẹ̀tì yẹn kọ. Mo ní kò gbọdọ̀ lọ síta kí o tó kà á fúnra rẹ. Mi ò ní kà á fún ọ. Màá dúró."

Mo nu ọwọ́. Mo kà á lójú gbogbo wọn, lọ́rọ̀ kan lọ́rọ̀ kan, mo ń sọ ọ́ jáde, mo ń kọsẹ̀. Ó pẹ́. Curtis yíjú sí ògiri kí ojú má baà tì mí jù. Ìwé náà sọ pé wọ́n gbé àwọn eku sínú àtẹ́lẹwọ́, wọ́n sì kọrin sí wọn; pé ẹni tó ń ṣe ìdánwò mọ̀, kò sì sọ; pé orúkọ rẹ̀ ni Alden Crowley.

"Orúkọ tèmi ńkọ́?" mo ní.

"Kò pọn dandan."

"Ó pọn dandan. Kọ ọ́ síbẹ̀. Mi ò fẹ́ kí ó jẹ́ ìwọ nìkan ni ayé ń wò."

Ó kọ ọ́ síbẹ̀, lórí èjìká mi, pẹ̀lú bírò Curtis. Nígbà tó parí, kò gbé ọwọ́ kúrò léjìká mi.

"Ṣé wàá ṣì fẹ́ mi?" ó ní.

"Fún mi láyè kí n fọ àpótí yìí tán," mo ní. Àwọn obìnrin mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bú sẹ́rìn-ín, èmi sì bú sẹ́kún.

Wọn kò tún pe Alden sí Boston mọ́, wọn kò sì jẹ́ kó padà sí ìdí Pápá. Nǹkan kan wà tó kù fún mi láti ṣe. Mo kọ lẹ́tà sí Ximena. Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi kọ ọ́, ojú ewé kan péré. Mo sọ ohun tí mo ṣe, mo sì bẹ̀bẹ̀. Èsì dé ní òwúrọ̀ ọjọ́ ìgbéyàwó wa nínú oṣù kẹfà. Ẹni tó ń pín lẹ́tà gbé e fún mi lórí àtẹ̀gùn ṣọ́ọ̀ṣì. Lorna ti wọlé lọ, Madge náà ti wọlé, ó wọ dúdú bí ẹni wá síbi òkú, àmọ́ ó wá.

Mo dúró níbẹ̀ pẹ̀lú Alden, mo sì kà á sókè fún un. Kò gùn.

"Ìyáàfin Beal, mo dúpẹ́ pé ẹ sọ fún wa. Nǹkan bí ọdún kan ni a fi tẹ̀lé àwọn eku yín. A ti bẹ̀rẹ̀ ohun mìíràn. Ọmọ náà ṣì wà nínú ilé."

Alden kò sọ fún mi pé kò burú. Mo nífẹ̀ẹ́ rẹ̀ fún ìyẹn ju gbogbo ọ̀rọ̀ dídùn tó ti sọ fún mi rí. Ó gba ìdì òdòdó lọ́wọ́ mi kí n lè ká lẹ́tà náà dáadáa. Mo fi í sí àyà aṣọ mi, a sì wọlé.